Alága Tí Kì Í Fẹ̀yìn Rìn

Ẹ jókòó, kí n sọ bí Alhaji Bùràímọ̀ ṣe bọ́ sínú ọpọ́n ọṣẹ lójú gbogbo ayé. Mi ò ní ṣe ọ̀rọ̀ náà lọ́ṣọ̀ọ́. Bó ṣe rí ni màá sọ ọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin náà, kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán.

Nima, ní Accra nílẹ̀ Gánà, ni wọ́n bí Bùràímọ̀ sí. Gílóòbù iná ló ń tà ní Tudu, lẹ́bàá ibùdókọ̀, kò sì sí aburú nínú ẹ̀. Gílóòbù ẹ̀ ń tàn dáadáa. Ìgbà tí ẹgbẹ́ àwa oníṣòwò ọmọ Yorùbá, àwa tí àwọn ará Gánà ń pè ní Alátà, fẹ́ yan alága ni nǹkan dàrú. Èèyàn méjì ló du ipò náà. Ẹnì kejì há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Abossey Okai, kò sì dé títí a fi dìbò tán. Bí Bùràímọ̀ ṣe wọlé nìyẹn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra ẹ̀, ẹ ó rò pé ojú ọ̀run ló ti sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú àga lábẹ́ ìdí.

Ọjọ́ tó gorí àga ló dá igbe kan sílẹ̀. Òun á ní, "Iwájú ni!" Gbogbo ìjókòó á dáhùn pé, "Kò sẹ́yìn!" Ó dùn létí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí gba ara ẹ̀ gbọ́. Ó búra pé òun Bùràímọ̀ ò ní fẹ̀yìn rìn mọ́ láyé òun. Tó bá gbàgbé fìlà sílé, ṣe ló máa yí gbogbo àdúgbò po kó tó tún débẹ̀. Dírẹ́bà ẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ fi mọ́tò rìn sẹ́yìn tí òun bá wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Nima, ẹ mọ bí ọ̀nà àárín ilé wa ṣe rí. Mọ́tò tó bá wọ kọ̀rọ̀ ilé Alhaji, ẹ̀yìn ló máa fi jáde, torí ògiri ilé ìdáná Habiba ló dí iwájú. Kí ni Alága ṣe? Ó ní kí wọ́n wó ògiri Habiba.

"Alhaji, ibo ni kí n ti máa dáná?" Habiba bi í.

"Habiba, inú ìtàn lo ti ń dáná báyìí."

"Òjò ń rọ̀ sínú ìtàn náà o."

Alága ti wọ mọ́tò, ó ń lọ síwájú.

Akọ̀wé ẹ̀ ń jẹ́ Adéògún, ọkùnrin kan tí ọrùn ẹ̀ máa ń tẹ̀ kó tó rí ẹni tó fẹ́ kí. Adéògún ló to àwọn oyè Alága jọ, òun náà ló sọ ọ́ di òfin pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jíṣẹ́ fún Alága, ìbáà jẹ́ pé ilé ń jó, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà wọ́n tán: "Alhaji Alága Àgbà, Baba Gbogbo Alátà láti Tudu dé Nima, Gílóòbù Tí Kì Í Jó, Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Ẹ̀yìn, iwájú ni!" Gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ á dáhùn. Ìgbà yẹn ni wàá tó sọ ohun tó gbé ọ wá. Tó o bá fo ọ̀kan, wàá padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni pípadà tí Alága gbà láàyè.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Àwọn obìnrin wa ń ná ọjà kan ní òdìkejì adágún Weija. Ọkọ̀ àjẹ̀ ni wọ́n fi ń rékọjá tẹ́lẹ̀. Alága ní ọkọ̀ àjẹ̀ ò yẹ ọmọ ẹgbẹ́ òun. Ó kó owó tá a dá jọ, ó fi ra ọkọ̀ ojú omi funfun kan tí wọ́n ti lò lókè òkun, ó kọ "Iwájú Ni" sí i lára. Ó dáa. Àmọ́ ó tún lọ bá àwọn tó ń ṣọ́ èbúté pé kí ọkọ̀ àjẹ̀ kankan má gbé obìnrin Alátà mọ́, títí òun á fi ṣí ọkọ̀ òun. Ọjà sì ń kọjá lójú wọn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni Sàúdátù ọlọ́ṣẹ. Ọṣẹ dúdú ló ń tà, èyí tí àwọn ará Gánà fi orúkọ wa pè, alata samina. Ó ní àyè lábẹ́ igi kan lọ́jà òdìkejì, àyè tó dáa, tí gbogbo ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ létí omi máa kọ́kọ́ rí. Òfin ọjà yẹn ni pé tí àyè rẹ bá ṣófo títí oṣù fi kú, wọ́n á fi ẹlòmíì síbẹ̀. Oṣù sì ti ń lọ sópin.

Kí ohun tó ń bọ̀ lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkọ̀ náà ṣe rí. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ wà nínú, lápá ìdí. Ẹsẹ̀ irin kan ló gba ìdí ọkọ̀ jáde sínú omi, abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn. Lápá iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárín, ni ọwọ́ jíà wà. Tó o bá tì í síwájú, ọkọ̀ á lọ. Tó o bá dá a sáàárín, ọkọ̀ á dúró. Tó o bá fà á sẹ́yìn, ọkọ̀ á fẹ̀yìn rìn. Wáyà ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọwọ́ lọ bá ẹsẹ̀.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí ló fi ń wọ omi. Tàófíìkì, tó ti wa tròtrò, bọ́ọ̀sì akérò, rí kí Alága tó gbà á láti máa wa ọkọ̀ náà, ti ń fi kẹ̀kẹ́ irin tó gbé e rọra tì í lọ sétí omi nígbà tí Alága pariwo.

"Dúró níbẹ̀! Ta ló ní kí ọkọ̀ mi fi ìdí wọ omi?"

Tàófíìkì dúró, ó ka oyè tán, wọ́n dáhùn, ó wá ní, "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, sà. Ìdí ló wúwo."

"Kò ní wúwo níṣojú mi. Ẹ yí i padà!"

Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí yanrìn, wọ́n yí i po, wọ́n wá tì í, imú ló kọ́kọ́ kan omi. Ẹsẹ̀ irin tó wà nídìí ń wọ́ lórí òkúta, ó ń dún gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa gbọ́. Adéògún ní ọkọ̀ náà ló ń kọrin ọpẹ́.

Ọkọ̀ wá jókòó sórí omi, wọ́n so ó mọ́ igi, torí Alága ṣì ń rán aṣọ tó máa fi ṣí i. Aṣọ funfun ni, òwú wúrà lórí èjìká méjèèjì, ó wúwo débi pé tí Alága bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, gbogbo ara ló máa ń yí bí ilẹ̀kùn. Nígbà tí aṣọ fẹ́ parí, Tàófíìkì ní kóun dán ọkọ̀ wò. Ó ti ọwọ́ jíà síwájú. Ó le bíi fèrèsé tó ti wú lójò. Ó dún gbàù, ọkọ̀ fò síwájú. Ó fà á padà sáàárín, kò wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, kò wá. Kọ́kọ́rọ́ ló sáré yí, tó fi pa ẹ́ńjìnì, kí ọkọ̀ tó gbé e lọ síbi tí kò rán an.

Ó sáré lọ sí Tudu. Ó ka oyè. Wọ́n dáhùn.

"Sà, ọkọ̀ ò fẹ́ padà. Tó bá ti gba iwájú, iwájú náà ló máa wà."

Alága dìde. Omi lé sí i lójú. "Adéògún, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Alhaji. Gbogbo ara mi ń gbọ̀n."

"Irin! Irin tí kò ní etí ti gba ẹ̀kọ́ mi!"

"Ó ku àwọn èèyàn, Alhaji."

Sàúdátù wà níbẹ̀, ó ti wá bẹ̀bẹ̀ nítorí ọkọ̀ àjẹ̀. Kò ka oyè kankan. "Alhaji, ọkọ̀ tí kò lè dúró, báwo ló ṣe máa dúró ní èbúté?"

"Èbúté ló máa dúró dè é."

"Oṣù ń kú lọ. Tí wọ́n bá fi ẹlòmíì sí àyè mi lọ́hùn-ún, ibo ni kí n ti máa tajà?"

"Sàúdátù, inú ìtàn ni wàá ti máa tajà."

Habiba sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn: "Mú agbòjò dání o, ìyá ọlọ́ṣẹ."

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Alága pàṣẹ pé kí wọ́n fi ọ̀dà funfun pa àmì ẹ̀yìn rẹ́ lára jíà. Wọ́n pa á rẹ́. Wọ́n ya òdòdó kékeré kan síbẹ̀.

Sàúdátù ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wọ tròtrò, ó di Abossey Okai, ó lọ mú Yusif fítà, mẹkáníìkì kan níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rò pé Yusif jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́, ẹ tan ara yín. Ẹnu ẹ̀ tóbi ju ẹ́ńjìnì lọ.

"Màmá, jíà tí mi ò mọ̀, wọn ò tíì ṣe é. Mọ́tò, ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀rọ ìlọta, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn."

Wọ́n dé etí omi, àwọn obìnrin pé lé e lórí. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó ti dájọ́. "Jíà inú ẹsẹ̀ ló ti jẹ ara wọn. Ó ti bàjẹ́ pátá." Wọ́n fa ìdí ọkọ̀ wá sórí ilẹ̀, ó tú ọ́ìlì inú ẹsẹ̀ náà dà sínú abọ́. Ọ́ìlì mọ́. Kò sí ìyẹ̀fun irin nínú ẹ̀, kò sí omi. Yusif wo abọ́, ó tún un wò.

"Mo ṣìnà," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn."

Ei! Àwọn obìnrin wo ọ̀tún wo òsì, bí ẹni tó gbọ́ èébú. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ irú ẹ̀ nítòsí ẹgbẹ́ wa.

Ó wọ inú ọkọ̀, ó ní, "Wáyà méjì ni. Ọ̀kan wá láti ọwọ́ jíà dé orí ẹ́ńjìnì, èkejì lọ láti orí ẹ́ńjìnì dé ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú wọn ká, ká mọ èyí tó ń ṣagídí." Ó já ti ọwọ́ kúrò níbi tí wọ́n ti pàdé. "Tàófíìkì, mi ọwọ́ yẹn."

Tàófíìkì fi ìka kan ṣoṣo mi í. Síwájú, sáàárín, sórí òdòdó, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ọwọ́ ò jẹ̀bi," Yusif wí. Ó di wáyà kejì mú, ó fà á, ojú ẹ̀ pọ́n. Wáyà ò mì. Ó tẹ̀ lé e lọ sídìí ọkọ̀, síbi tó ti kọjá sínú ẹsẹ̀. Rọ́bà kan ló yẹ kó bò ó níbẹ̀ kí omi má bàa dé ara ẹ̀. Rọ́bà náà ti fàya, yanrìn kún inú ẹ̀, wáyà ti tẹ̀, ó ti dípẹtà. Yusif fi ìka yọ òkúta wẹ́wẹ́ jáde.

"Ta ló wọ́ ọkọ̀ yìí nídìí lórí òkúta?"

Gbogbo èèyàn gbójú sókè. Ẹyẹ kan ń fò kọjá, a sì wò ó bíi pé a ò rí ẹyẹ rí.

"Ẹ ò ní dáhùn ni? Chale, ta ló ṣe é?"

"Ìwọ tún un ṣe," Sàúdátù wí.

Yusif lọ wá wáyà tuntun àti rọ́bà tuntun, ó padà dé, ó sì ti gbá ìdí ọkọ̀ náà mú kó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tí Alága àti Adéògún yọ.

"Kí lo ń tún ṣe níbẹ̀ yẹn?" Alága bi í.

"Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni, Alhaji."

"Ọkọ̀ mi ò ní ẹ̀yìn."

Yusif wo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Kí wá ni mo gbá mú yìí, Alhaji?"

Adéògún ló dáhùn. "Ìparí iwájú ni."

Wọ́n lé Yusif. Wọ́n ní kó so ògbólógbòó wáyà náà padà; ó fipá dá a sáàárín, ó so ó. Kó tó lọ, ó kó tuntun lé Sàúdátù lọ́wọ́. "Màmá, ẹ tọ́jú ẹ̀. Tí ọ̀gá yìí bá ti balẹ̀, ẹ pè mí."

Ọjọ́ ìṣíkọ̀ pé, ọjọ́ náà sì ni ọjà ìkẹyìn kí oṣù kú. Alága ti ṣèlérí pé bí òun bá ti fi ọkọ̀ náà han ayé tán, àwọn obìnrin ló máa kọ́kọ́ gbé. Sàúdátù gbé ọpọ́n ọṣẹ ẹ̀ tó tóbi jù wá, ọṣẹ rírọ̀, ó kún dẹ́nu, ó gbé e sí iwájú pátápátá kóun lè kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n ta ìbòrí sétí omi, wọ́n to àga, kúlà wààkyé, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nii, olórí àwọn apẹja etí omi náà, jókòó láàárín. Alága dìde.

"Ẹ̀yin ẹja inú omi yìí, ẹ wá jẹ́rìí! Kí n tó dé, omi kan ṣáà wà níbí, kò mọ ibi tó ń lọ. Lónìí, mo ti fún omi ní iwájú! Ọ̀nà méjì ni wọ́n máa pín ìtàn Accra sí: ìgbà tí Bùràímọ̀ ò tíì wọ ọkọ̀, àti ìgbà tí Bùràímọ̀ wọ ọkọ̀! Ẹ wò mí dáadáa, kẹ́ ẹ lè sọ fún ọmọ yín bí mo ṣe rí! Iwájú ni!"

"Kò sẹ́yìn!"

Nii rọra bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bóyá kí àwọn ẹja tó jẹ́rìí tán ni oúnjẹ máa dé, àbí lẹ́yìn ẹ̀. Adéògún wá kéde pé láti àárọ̀ yẹn, oyè tuntun ti kún oyè: "Ọ̀gá Àwọn Ọ̀gá Ojú Omi."

Alága wọ ọkọ̀, òun fúnra ẹ̀ ló di sítíárín mú. Adéògún àti ìgbìmọ̀ tẹ̀ lé e, Tàófíìkì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó ti ọwọ́ jíà. Gbàù! Ọkọ̀ fò. Fìlà Alága fò sẹ́yìn lọ, òun nìkan ló láyà láti ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n yí adágún po, a pàtẹ́wọ́. Wọ́n tún yí i po, a pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Alága wá kọjú ọkọ̀ sí èbúté, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa, ó fa ọwọ́ jíà.

Ọwọ́ jíà ò dá a lóhùn.

Ó tún un fà, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rín náà wà níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń rín in mọ́. Kọ́kọ́rọ́ tó yẹ kí wọ́n fi pa ẹ́ńjìnì wà lábẹ́ ikùn Alága. Tàófíìkì rí i. Tàófíìkì ya ẹnu. Ó rántí òfin.

"Alhaji Alága Àgbà, Baba Gbogbo Alátà láti Tudu dé Nima, Gílóòbù Tí Kì Í Jó, Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Ẹ̀yìn, iwájú..."

"O fo oyè tuntun!" Adéògún kígbe. "Bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀!"

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ wo iwájú!"

"Látìbẹ̀rẹ̀!"

Létí omi, àwọn obìnrin ti ń gbẹ́rù sá. Nii dìde tòun tàga ẹ̀. Ọpọ́n Sàúdátù wúwo ju kí ẹnì kan gbé e lọ, ó fi í sílẹ̀, ó sá.

"Alhaji Alága Àgbà Baba Gbogbo Alátà láti Tudu dé Nima Gílóòbù Tí Kì Í Jó Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Ẹ̀yìn Ọ̀gá Àwọn Ọ̀gá Ojú Omi iwájú ni!"

"Kò sẹ́yìn!" ìgbìmọ̀ dáhùn, ojú wọn ti là tán.

"Ẹ gbé ikùn kúrò lórí kọ́kọ́rọ́!"

Tàófíìkì pa á. Ẹ́ńjìnì kú, àmọ́ ọkọ̀ ò tíì gbọ́. Ó gun ilẹ̀, ó wọ abẹ́ ìbòrí, ó gbé e lórí bíi gèlè, ó da wààkyé nù, ó wá dúró. Alága ò dúró. Ó gba orí imú ọkọ̀ kọjá, èjìká wúrà ń tàn nínú oòrùn, ó sì fi orí wọ ọpọ́n ọṣẹ Sàúdátù. Ṣé ẹnikẹ́ni fara pa? Rárá o, àfi wààkyé.

Ó dìde, ọṣẹ yọ ọ́ síwájú. Ó tún dìde, ó tún yọ̀.

"Alhaji, ẹ fẹ̀yìn jáde," Sàúdátù wí. "Ilẹ̀ gbígbẹ ló wà lẹ́yìn yín."

"Láéláé!" Ó sì tún yọ̀.

Nígbẹ̀yìn, ó rọ̀ mọ́ imú ọkọ̀ tó yọ sórí ọpọ́n, ó fi àyà fà dé inú ọkọ̀, ó jókòó sídìí sítíárín, ọṣẹ ń kán tótótó. "Ẹnikẹ́ni ò ní fa ọkọ̀ yìí sẹ́yìn nígbà tí mo bá wà nínú ẹ̀!"

Nii wo ojú títì tó wà níwájú ọkọ̀. "Alága, ṣé ẹ fẹ́ gba ibẹ̀ dé Tudu ni?"

Sàúdátù ti ń so okùn mọ́ ìdí ọkọ̀. "Ẹ̀yin obìnrin, oṣù ń kú lọ. Ọkọ̀ yìí dí èbúté, mo sì gbọ́dọ̀ rékọjá." Tàófíìkì ti gbọ́n, ó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ irin sókè kó má bàa tún wọ́ nílẹ̀. Àwọn obìnrin wọ omi dé itan, àwọn apẹja ti imú ọkọ̀.

"Ẹ̀yìn ni!" Habiba kígbe.

"Kò síwájú!"

Mo gbọ́ ohùn Adéògún nínú ìdáhùn yẹn, òun ló sì ròkè jù. Bí Alága ṣe fẹ̀yìn wọ omi nìyẹn, ó di sítíárín mú, ó kọjú sí wa, ó ń kéré lọ.

Nii ní kí àwọn ọkọ̀ àjẹ̀ gbé àwọn obìnrin kíá. Sàúdátù fi igi ha ojú ọṣẹ ẹ̀ kúrò, ìsàlẹ̀ ṣì mọ́. Nígbà tó dé òdìkejì, obìnrin kan ti ń tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ẹ̀. Sàúdátù gbé ọpọ́n lé ẹní náà.

"Mo ti dé," ló wí.

Obìnrin náà ká ẹní ẹ̀. Oníbàárà kan tó ra ọṣẹ rí òwú wúrà nínú tiẹ̀, ó gbé e sókè. "Kí lèyí?"

"Oyè ni. Fi fọ ẹsẹ̀."

Yusif wá so wáyà tuntun, ó fi rọ́bà tuntun bò ó, ó ha òdòdó kúrò lára jíà. Ọkọ̀ ń lọ, ó ń dúró, ó ń padà. Yusif ní òun ti mọ̀ pé wáyà ni látìbẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin sì kọ hà lé e lórí.

Nígbà tí ẹgbẹ́ jókòó ní Tudu, Bùràímọ̀ dìde, ó nawọ́ sókè. "Iwájú ni!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹni kan ṣoṣo tá a gbọ́ ohùn ẹ̀ ni kọ̀ndọ́kítọ̀ tròtrò tó ń pe èrò lóde: "Circle, Circle, Circle!" Bùràímọ̀ jókòó.

A fi Sàúdátù ṣe alága. Adéògún ti dé iwájú ẹ̀, ọrùn ti tẹ̀. "Màmá Alága Àgbà, Ìyá Gbogbo Ọṣẹ..."

"Adéògún, kí lo fẹ́ sọ?"

Láti ọjọ́ tó ti ń ka oyè, Adéògún ò tíì múra ohun tó tẹ̀ lé e sílẹ̀ rí.

Habiba ti mọ ògiri ẹ̀ padà. Bíríkì ló fi mọ ọ́, ó nípọn. Nítorí náà, tílẹ̀ bá ti mọ́, mọ́tò Bùràímọ̀ ń fi ẹ̀yìn jáde ní kọ̀rọ̀ yẹn, díẹ̀díẹ̀, kó má bàa tẹ adìyẹ ẹnikẹ́ni. Òun jókòó síwájú ẹ̀, ó kọjú sí gbogbo wa, kò sì síbi tó lè yíjú sí. Habiba á jáde síta tòun ti ìpọnkọ lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Habiba," Bùràímọ̀ á wí.

Òun ló ń kọ́kọ́ kí i báyìí.